Ṣé Sùúrù Ni, Àbí Àhámọ́?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

 

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni a sábà máa ń kà: bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, bí a ṣe ra ilẹ̀, bí a ṣe kan páànù. Gbogbo rẹ̀ ló dára, a sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda fún wa kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, tí kò ní owó lọ́wọ́, tí ilé tó ń gbé sì ń fi ojú rẹ̀ rí màbo, ṣé ó tọ́ kí a sọ fún un pé kó mú sùúrù? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

ÀWỌN WO NI À Ń SỌ?

Wọ́n wà láàárín wa. Àwọn kan nínú wọn, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn ní kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó ti rọ kí ìkéde náà tó dé, kò padà sípò. Àwọn mìíràn, jàǹbá ọkọ̀ ni. Òmíràn, ibà gbígbóná ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Òmíràn, àgbàlagbà ni, ojú ló fọ́. Tàbí bàbá tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ kú lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ríru kọlù ú.

Púpọ̀ nínú wọn ń gbé ilé tí a ti ń tọ́jú wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ọlọ́run yóò san án fún àwọn ará ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn kọ́ ni à ń sọ. Àwọn tí à ń sọ ni àwọn tí a ń gbé oúnjẹ fún lẹ́yìn tí ajá ti jẹun. Àwọn tí a ń tì mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé, kí àwọn àna má baà rí wọn. Àwọn tí a ń gbé lọ sí ìkóríta ní àárọ̀ kí wọ́n máa ṣagbe, tí a ó sì gba owó náà lọ́wọ́ wọn ní alẹ́. Àwọn tí a ń pè ní ẹrù lójú ara wọn. À ń sọ obìnrin adití tí ẹni inú ilé ń fipá bá lò, nítorí ó mọ̀ pé bí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tó ń gba orí tábìlì akọ̀wé kọjá kò kéré. Ẹni tó bá ń kà wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo aláàbọ̀ ara ló ń tọrọ pé kí ẹsẹ̀ òun rìn. Àwọn kan ń tọrọ pé kí ọkàn ìyàwó bàbá wọn rọ̀. Àwọn kan ń tọrọ yàrá kan péré, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ wọn.

ẸRÙ TÓ WỌ́

Àwọn àgbà ní, wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni ẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú wa, òkè ni àwa náà kọ́kọ́ ń wò. A ó ní ó máa ń bínú, ó máa ń ráhùn, ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò mọ oore. A ó wá gbà á níyànjú pé kó tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ná. Ẹni tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n ń pòṣé sí i ní gbogbo ìgbà tó bá pe ènìyàn, kí ni yóò mú ojú rẹ̀ fani mọ́ra?

Ìbéèrè mìíràn wà tó burú ju èyí lọ, òun ni pé: ta ló ṣẹ̀ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa wa ní irú rẹ̀ nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án. Ó dá wọn lóhùn pé ọkùnrin náà kò ṣẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ bà, ó po amọ̀, ó ṣiṣẹ́. Àwa tí à ń pe orúkọ rẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ràn láti máa wá, ọwọ́ wa kì í fẹ́ kan amọ̀.

SÙÚRÙ ÀTI OKÙN

A gbà pé sùúrù ni baba ìwà. Kò sí ẹni tó tọ́ ọmọ, tó gbé ilé ọkọ, tàbí tó bá ayálégbé méjìlá lo kànga kan, tí kò mọ iyì sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an. Ẹni tó lè fèsì tí kò fèsì, ó mú sùúrù. Ẹni tó lè kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí ó ní òun yóò dúró wo ọwọ́ Ọlọ́run, ó mú sùúrù. Ìwà ni, nítorí òun ló yàn án. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ igi, kò sí ẹni tó ń yìn ín pé kì í rìn gbéregbère. Ẹ tú okùn ọrùn rẹ̀ ná; bí ó bá dúró lẹ́yìn náà, nígbà náà ni a tó mọ̀ pé ilé wù ú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹni tí kò lè dìde, tí kò ní owó ọkọ̀, tí kò ní ibi tí yóò sùn, bí a bá ní kó mú sùúrù, a kò tíì gbà á níyànjú. Ṣe ni a bá àwọn ará ilé rẹ̀ fa okùn le. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àhámọ́ ni. Ìgbà tí a bá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, tí ó lè lọ bí ó bá fẹ́, ni ìyànjú wa tó ní ìtumọ̀. Èrò wa nìyí, a kò sì fi pamọ́: kí a kọ́kọ́ wá ibùsùn, kí a tó wàásù ìfaradà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ ń sọ ọ́ ní àsọdùn. Ẹni tí ilé bá le fún, ṣe ni yóò jáde." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó fẹ́ jáde lálẹ́ òní nílò ẹni tí yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó nílò ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ yóò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Ọ̀pọ̀ dánfó kì í dúró, èyí tó bá sì dúró lè gba owó èrò méjì. Ó nílò yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí. Onílé yóò béèrè owó ọdún kan, àgírímẹ́ǹtì yóò tẹ̀lé e, kọmíṣọ́n yóò tẹ̀lé àgírímẹ́ǹtì. Bí onílé bá sì rí kẹ̀kẹ́ arọ, ó lè ní wọ́n ti gba yàrá náà láná. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ta ni yóò pọn omi fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹni tó lè rìn, tó sì ní iṣẹ́, á lọ sí ilé ọ̀rẹ́, á tẹ́ ẹní, ilẹ̀ á mọ́. Ẹni tí à ń sọ yìí, ọwọ́ tó ń nà án náà ni ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn.

ẸJỌ́ ẸNI TÍ KÒ LÈ RÌN

Gbogbo wa ló mọ ìtàn Mefibóṣétì nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Ọmọ Jónátánì ni. Ó wà ní ọmọ ọdún 5 nígbà tí ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, ó jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Nígbà tí Dáfídì ń wá ẹni ilé Sọ́ọ̀lù tí yóò ṣe ní oore nítorí Jónátánì, kò ní kí arọ náà wá bí ó bá fẹ́. Ó rán ènìyàn lọ mú un wá láti ilé Mákírì ní Lódébárì. Ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó fún un ní àyè nídìí tábìlì ọba, ó sì ní kí Síbà, tí ó ní ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20, máa ro oko náà fún un.

Ibẹ̀ ni oníwàásù púpọ̀ máa ń parí ìtàn náà sí, tí a ó kọrin. Ṣùgbọ́n ìtàn kò tíì parí. Nígbà tí Ábúsálómù dìtẹ̀, tí Dáfídì ń sá lọ, Síbà pàdé ọba lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti oúnjẹ, ó sì sọ fún un pé ọ̀gá òun ti dúró sí Jerúsálẹ́mù, ó ń retí kí ìjọba bàbá rẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọba kó gbogbo ilẹ̀ arọ náà fún Síbà. Ìgbà tí Dáfídì padà dé ni Mefibóṣétì tó rí ojú rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, kò tíì tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọba ti lọ. Ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì kí òun bá ọba lọ, nítorí arọ ni òun, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òun tan òun jẹ. Ọba kò ṣe ju pé ó pín ilẹ̀ náà sí méjì láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i. Síbà ni ó yẹ kó ṣe ẹsẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ló sì fi sáré dé ọ̀dọ̀ ọba ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó lè rìn ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé ààfin. Dáfídì kì í ṣe ènìyàn búburú, ó fẹ́ràn ọmọ Jónátánì, síbẹ̀ ó dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ ti ẹnì kejì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Nínú ìjọ, báwo ni ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wòlíì? Ẹni tó ń tọ́jú wọn ló máa ń wá. Òun ló máa sọ pé, "Bàbá, ó ń yọ wá lẹ́nu, ó lágídí, bóyá ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú." Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni a ó gbàdúrà. Ta ni nínú wa ló lọ sí ìyẹ̀wù, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà, tí ará ilé kò sí níbẹ̀, tó ní, "Ìwọ náà sọ tìrẹ"?

ILÉ TÓ RẸ̀ ÀTI ILÉ TÓ Ń ṢÌKÀ

A kò gbọdọ̀ ṣe àìṣòótọ́ sí àwọn olùtọ́jú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń gbé ọmọ ẹni ọgbọ̀n ọdún lórí ibùsùn lójoojúmọ́, ẹ̀yìn á dùn ún, ẹnu rẹ̀ lè le nígbà mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ìpòṣé ni ìkà. Nítorí náà, báwo ni a ó ṣe mọ ilé tí ó rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé tó ń ṣìkà?

Ohun kan wà tí a fi lè dá wọn mọ̀. Ẹ gbé ìrànlọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní, "A fẹ́ máa wá bá yín fọṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, a fẹ́ gbé e wá sí ìsìn, a fẹ́ bá a ṣí ìwé ìfowópamọ́." Ilé tó rẹ̀ yóò sọkún ayọ̀, yóò fún yín ní àga. Ilé tó ń ṣìkà yóò wá àwáwí. Wọn ò ní fẹ́ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, wọn ò ní fẹ́ kí owó rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, wọ́n á sì béèrè ẹni tó rán yín. Ilé àkọ́kọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó lè dúró. Ilé kejì, ẹ ran ẹni inú rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè jáde.

Àwọn kan yóò rán wa létí òfin tó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá, wọ́n á ní ọmọ kì í kọ ilé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún padà sọ́dọ̀ Dáfídì. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù, tí ó jẹ́ àna rẹ̀ àti ọba rẹ̀, ń wá ẹ̀mí rẹ̀, ojú fèrèsé ni Míkálì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó sì sá lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Sọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́, kò pa á, kò sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí i. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n láti òkèèrè. Ẹ má sì gbàgbé pé ojú fèrèsé yẹn kò lè wúlò bí kò bá sí ẹni tó di okùn mú lókè. Míkálì yìí gan-an ni àwọn tí à ń sọ ń wá.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ilé, ilé ni a ti ń sọ ọ́. Òótọ́ ni, bí ilé bá ní etí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

ILÉ ÀDÚRÀ PẸ̀LÚ

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ wá bá wa yọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa tí à ń jẹ́ Aládùúrà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìjọ wa ti máa ń gba aláìsàn àti aláìnílé sínú ọgbà. Ògo wa ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a sá sí pẹ̀lú lè di ibi tó yẹ kí a sá kúrò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn alárùn ọpọlọ tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà, ní ibùdó ìjọba, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ibi ìsìn àwọn Mùsùlùmí àti ti àwa Kristẹni. Ìròyìn náà kò dùn létí, kò sì yẹ kí ó dùn.

Nítorí náà, ẹni tí a bá gbà sí ọgbà ìjọ, a kò gbọdọ̀ dè é, a kò gbọdọ̀ nà án, a kò gbọdọ̀ fi ipá mú un gbààwẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba fóònù rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dí oògùn dókítà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Bí a kò bá lè ṣe èyí, okùn mìíràn la gbé fún un. Kí a má sì fi ìwòsàn ṣe owó orí tí yóò san kí a tó ràn án lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rìn, ògo fún Ọlọ́run. Bí kò bá rìn, yàrá ṣì tọ́ sí i.

OHUN TÍ ÒFIN TI ṢE

Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé òfin wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ṣíṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn aláàbọ̀ ara. Lára ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa lo aláàbọ̀ ara láti fi ṣagbe. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2011, òfin yẹn ló sì dá ọ́fíìsì tí a ń pè ní LASODA sílẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn jáde ní Àbújá ní ọdún 2015. Kò mọ sí orí lílù nìkan. Ó ka ìfìyàjẹni nípa ọ̀rọ̀ ẹnu sí ẹ̀ṣẹ̀, ó ka yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka fífi ẹni tó gbára lé wa sílẹ̀ láìsí oúnjẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ní tiwọn. Ti Èkó ti wà láti 2007, ti Èkìtì láti 2011.

Ẹni tí kò ní owó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa bá tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, àjọ kan wà tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA ni wọ́n ń pè é, òfin ọdún 2021 ló gbé e ró. Àwọn wẹ́fíà náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu ní Èkó, 112 ni kí a pè.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin kò lè gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ́fíìsì wà ní Ìkẹjà, ẹni náà wà nínú ìyẹ̀wù ní àdúgbò wa. Ìrìn tó wà láàárín méjèèjì, iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

KÍ NI KÍ ÌJỌ ṢE?

A ò ní kí ìjọ kọ́ ilé ìwòsàn. Ohun tí apá wa ká ni a ó sọ.

Èkíní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì àti ọkùnrin méjì, àwọn tí ẹnu wọn kì í jo, kí wọ́n máa bẹ àwọn aláàbọ̀ ara wò nílé. Kí wọ́n bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Bí adití bá ni, kí a wá ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́. Kí a má jẹ́ kí ará ilé ṣe ògbufọ̀, nítorí ó lè jẹ́ òun gan-an ni ẹjọ́.

Èkejì, kí yàrá kan wà ní ìsàlẹ̀ nínú ọgbà ìjọ, tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó ní ibùsùn, omi, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníjókòó. Kí ó wà ní sísí sílẹ̀ fún ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá. Bí a ṣe ń kọ́ àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án sí iwájú pẹpẹ, kò ṣòro láti da kọnkéré dídagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, kí a ya owó kan sọ́tọ̀, ìbáà kéré, fún owó ọkọ̀, oògùn, àti owó ilé ìbẹ̀rẹ̀. Owó tí a bá dá fún ẹni náà, orúkọ tirẹ̀ ni kí a fi pamọ́ sí báǹkì. Kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ Síbà kọjá.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́. Ẹni tó bá ń rí owó tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni okùn ń tú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè láti 1962; kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn tíṣà fún ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Gbogbo wa la jó sí orin Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe ní 1997, tí ó gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1998, tí ó ń ti orí kẹ̀kẹ́ kọrin. Bí a bá lè jó sí orin rẹ̀, ó yẹ kí a lè kọ́ ọmọ àdúgbò wa ní iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí títún fóònù ṣe, kí a sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn tí ó bá ti jáde, kí a má fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń gbé oúnjẹ wá. Oṣù kẹta ni a máa ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń padà sínú ìyà. Kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò pọn omi sínú ìwé, bí a ṣe ń kọ ti àwọn tó ń gbá ilé ìsìn.

SÍ Ẹ̀YIN TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÀN

Bí ẹnìkan bá ń ka ìwé yìí fún yín, tàbí tí ẹ ń kà á fúnra yín níkọ̀kọ̀, a kí yín. Kì í ṣe àìmoore bí ẹ bá fẹ́ ilé tí ara ti lè tù yín. Ẹ má kéde pé ẹ fẹ́ lọ, kí wọ́n má baà gba fóònù tàbí ọ̀pá yín. Ẹ wá ẹnìkan péré tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, tíṣà, tàbí ìyá ìjọ, kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ há nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Ẹ jẹ́ kó bá yín tọ́jú ẹ̀dà ìwé NIN yín, káàdì ọsibítù, àti orúkọ oògùn yín. Ẹ jọ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ti mọ̀ pé kó máa bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ẹ̀mí, ẹ má dúró de ètò. Ẹ ké sí ẹni tó bá sún mọ́ yín jù.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí àwọn mẹ́rin gbé arọ wá sọ́dọ̀ Olúwa wa, tí èrò dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gun òrùlé, wọ́n sì dá a lu. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní kí ọkùnrin náà mú sùúrù títí èrò yóò fi tú. A ti kan páànù tiwa, ó ń dán, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọkàn tí yóò gbà kí a ṣí i bí ó bá di dandan. Kí ó fi àwọn tí ó wà ní àhámọ́ hàn wá, kí ó fún apá wa ní agbára láti gbé wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n bá wa jókòó nídìí oúnjẹ àjọ̀dún tó ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, bí kò ṣe nídìí tábìlì. Àmín.